Kí ni ìtumọ̀ "Kí Òrìṣà ya ọnà ire kò wá o" tí wọ́n ń ṣàdúrà fún aboyún?

Àbúrò mi ní Kétu, o kú ìtọ́jú ọmọ o. O ní kí n ṣàlàyé àdúrà tí àwọn ìyá àgbà máa ń ṣe tí wọ́n bá rí aboyún, "Kí Òrìṣà ya ọnà ire kò wá o", o tún sọ pé ọmọ ẹ ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́rin kò tíì sọ̀rọ̀, kì í wojú èèyàn, dókítà ní Kùtọnu sì ní otísíìmù ni, ìyẹn ni pé bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń dàgbà yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ yòókù, ni ìyá ọkọ ẹ bá ń sọ kiri pé èèwọ̀ lo jẹ nígbà oyún tí àdúrà náà kò fi gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí àdúrà náà fúnra ẹ̀ kò gbe ìyá ọkọ ẹ rárá.

Ọbàtálá, Òrìṣàńlá, Alámọ̀rere, òun ni àwọn bàbá wa gbà pé Olódùmarè gbé iṣẹ́ mímọ èèyàn lé lọ́wọ́, inú ìyá ló sì ti ń ṣe é. Ọnà tí wọ́n ń wí, irú èyí tí agbẹ́gilére ń fín sára ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu níbẹ̀ ni, ojú, imú, ilà, gbogbo ẹ̀ pátá. Wọ́n ń bẹ òṣìṣẹ́ náà pé kó fara balẹ̀, kó fín iṣẹ́ ẹ̀ kó dáa kó tó fi kò wá lọ́nà. Ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì tí kò fẹ́ dárúkọ Òrìṣà á ní kí Ọlọ́run ya ọnà ire, àdúrà kan náà ṣì ni.

Wò ó dáadáa, ta ni wọ́n ń bẹ? Òrìṣà ni. Wọn ò bẹ ìyá, wọn ò sì ka ẹ̀ṣẹ̀ kankan sí i lọ́rùn, inú ẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń lọ, kì í ṣe òun ló mú irinṣẹ́ dání. Ìtàn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà gan-an, Ọbàtálá fúnra ẹ̀ ló mu ẹmu, ẹmu sì pa á, ló bá ń mọ àwọn kan tí ara wọn yàtọ̀, abuké, arọ, àfín. Ìdí nìyẹn tí àwọn olóòṣà ẹ̀ kì í fi í fẹnu kan ẹmu títí dòní, ìdí nìyẹn náà tí wọ́n fi ń pe irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ní ẹni Òrìṣà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín torí abẹ́ ààbò ẹ̀ ni wọ́n wà. Òótọ́ ni pé aboyún ní èèwọ̀ tiẹ̀, wọ́n á ní kó má rìn lọ́sàn-án gangan àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ìyẹn yàtọ̀, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ èyí. Àwọn míì tún máa ń mú Àjàlá tó ń mọ orí wọ ọ̀rọ̀ yìí, ti Àjàlá ọ̀rọ̀ àyànmọ́ ni, kò kan bóyá ọmọ tètè sọ̀rọ̀ tàbí kò tètè sọ ọ́.

Ní báyìí, inú oyún tí àdúrà náà ń tọ́ka sí, ibẹ̀ gan-an làwọn onímọ̀ ọpọlọ ń wò. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ọmọ, ti ẹ̀dọ̀ o, ti awọ o, ti ọpọlọ o, jíìnì kan náà, ìyẹn ìlànà iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé, ló wà nínú wọn, èyí tó ń ṣe purotéènì nínú ẹ̀ tó nǹkan bí 20,000. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ níbì kan àti àsìkò tó ń ṣiṣẹ́ ló mú kí sẹ́ẹ̀lì kan di ti ọpọlọ kí òmíì di ti ẹ̀dọ̀. O kúkú mọ bí Ẹ̀fẹ̀, eré orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣe ń rí lóru, orin pọ̀ nínú akọrin lóòótọ́, àmọ́ ìjúbà ló ń ṣíwájú, tó bá lọ gbé orin míì síbi ìjúbà, eré ti dàrú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni jíìnì, tó bá dákẹ́ nígbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tó kàn á gba ọ̀nà míì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́? Tí jíìnì bá ń ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì máa ń da ẹ̀ kọ, ẹ̀dà yẹn ni wọ́n ń pè ní RNA, RNA yẹn ni wọ́n ń kà. Wọ́n á mú ègé ọpọlọ tó ti dì nínú yìnyín, èyí tí àwọn ìdílé fi ta wọ́n lọ́rẹ lẹ́yìn ikú èèyàn wọn (mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìdílé yẹn o, nǹkan ńlá ni wọ́n ṣe), wọ́n á lọ̀ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n á yọ àárín sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, wọ́n á fi í sínú ẹ̀kán omi kékeré tójú ò lè rí tó ní àmì tiẹ̀, kí ẹ̀rọ tó ń kà á lè mọ RNA tó wá látinú èwo. Ọdún 2009 ni wọ́n kọ́kọ́ ka ti sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo báyẹn. Nígbà tó di oṣù October 2023, wọ́n gbé máàpù ọpọlọ àgbàlagbà jáde, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kà ju mílíọ̀nù 3 lọ, láti nǹkan bí 100 ibi nínú ọpọlọ, oríṣi tí wọ́n rí ju 3,000 lọ. Ẹ rántí pé nẹ́úrọ́nù, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń gbé iṣẹ́ ránṣẹ́, tó wà nínú ọpọlọ èèyàn kan ń lọ sí bílíọ̀nù 86, nítorí náà iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀.

Ibi tó kan ọmọ ẹ nìyí. Lọ́dún 2020 wọ́n yẹ jíìnì èèyàn tó ju 35,000 lọ wò, wọ́n sì rí jíìnì 102 tó ní ọwọ́ nínú otísíìmù. Nígbà tí wọ́n wo ibi tí àwọn jíìnì náà ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣiṣẹ́ látinú oyún, kí wọ́n tó bí ọmọ rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2013 ti tọ́ka sí àárín oyún, ìgbà tí àwọn nẹ́úrọ́nù tó máa wà lápá òkè ọpọlọ ń jáde, tí wọ́n ń rìn lọ sí àyè wọn. Kì í wá ṣe pé jíìnì kan ló ń fa ti gbogbo ọmọ o, ọ̀pọ̀ ìgbà àyípadà kéékèèké láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ló ń para pọ̀. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, àyípadà tuntun ni, tí kò sí lára bàbá, tí kò sí lára ìyá. Gbogbo wa pátá la ní irú ẹ̀, bí 60 sí 70 lára ọmọ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ ní Iceland lọ́dún 2012 sì rí i pé ọ̀dọ̀ bàbá ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti ń wá, ó sì ń pọ̀ sí i bí bàbá ṣe ń dàgbà. Mi ò sọ ìyẹn kó o lọ fi bú ọkọ ẹ, kò sẹ́ni tó yan èyí fún ọmọ ẹ̀, mo kàn fẹ́ kí wọ́n yé kó gbogbo ẹ̀ lé ìyá lórí.

Àpẹẹrẹ kan tó ń múnú mi dùn ni àìsàn Rett. Ọmọbìnrin á máa dàgbà dáadáa, á mú nǹkan, á pe màmá, tó bá wá di bí oṣù mẹ́fà sí oṣù méjìdínlógún, ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, ọwọ́ tó fi ń mú ṣíbí á wá máa fún ara wọn bíi pé ó ń fọṣọ. Lọ́dún 1999, àwọn tó ń bá dókítà Huda Zoghbi ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà rí i pé jíìnì MECP2 ló ń fà á. Nígbà tó di 2007, àwọn kan ní Edinburgh dá jíìnì náà padà sára eku tó ti ń ṣàìsàn, ara eku náà sì yá. Eku ni o, kì í ṣe èèyàn, àmọ́ a mọ̀ nísinsìnyí pé ìlẹ̀kùn ò tì pa.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ìran Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní NeuroDev, ní Kẹ́ńyà àti South Africa, tó ń wo ti àwọn ọmọ Áfíríkà, ó yẹ kí irú ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ní Benin náà.

Ọmọ ẹ ńkọ́? Tí wọn ò bá tíì yẹ etí ẹ̀ wò, ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ ṣe, torí ọmọ tí kò gbọ́ràn náà kì í sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà bèèrè ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, kó o sì máa bá a sọ Yorùbá nílé bó o ṣe ń ṣe, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Faransé nìkan ni kó o máa sọ sí i. Má gbà kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń na ọmọ tàbí tí wọ́n ti ń dè é mọ́lẹ̀. Tó o bá fẹ́ lóyún míì, bẹ̀rẹ̀ oògùn asíìdì fólíìkì ṣáájú, torí láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ tí oyún bá dúró ni ihò ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń jáde ń pa dé, má sì fẹnu kan ẹmu tàbí sódabì, ọtí ń ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́ lóòótọ́. Kì í ṣe pé mo ní o mu ún nígbà yẹn o, ọtí kọ́ ló fa otísíìmù ọmọ ẹ.

Ìyá ọkọ ẹ, jẹ́ kí ọkọ ẹ bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ. Kó bi í pé ṣé ẹni Òrìṣà ni ọmọ yìí àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bú ìyá ẹ̀.