Akọrin Esperanto tó tún ń jà fún èdè ìbílẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè yìí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní kí ló dé tí ẹni tó ń gbé èdè ìbílẹ̀ lárugẹ tún ń kọrin ní Esperanto, èdè tí Zamenhof ṣẹ̀dá tó sì gbé jáde ní 1887. Ẹ wo JoMo, ìyẹn Jean-Marc Leclercq, ọmọ gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ó ń kọrin ní Esperanto, ó ń kọ ọ́ ní Occitan, èdè àtayébáyé àwọn ará Toulouse. Àní ó ti kọrin ní èdè 22 lórí ìtàgé kan ṣoṣo!

Lójú tèmi, ọ̀nà kan náà ni kíkọrin ní Esperanto àti jíjà fún èdè ìbílẹ̀. Esperanto ò wá gba ipò èdè ẹnikẹ́ni. Kí àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ lè gbọ́ ara wọn yé, láìjẹ́ pé èdè alágbára kan ń jẹ gàba lórí ìyókù, ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ní ilé ìwé Faransé àtijọ́, ọmọ tó bá sọ Occitan, wọ́n á fún un ní nǹkan àbùkù kan kọ́ sọ́rùn, á máa gbé e kiri títí yóò fi gbọ́ Occitan lẹ́nu ọmọ mìíràn, kó lè gbé e fún ìyẹn. Àwa tí wọ́n nà ní kíláàsì torí pé a sọ Yorùbá mọ bó ṣe ń dunni tó. Ọdún 2008 ni ìwé òfin Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ kà irú èdè bẹ́ẹ̀ sí ogún orílẹ̀-èdè.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orin Occitan rẹ̀ ná, kí ẹ tó bọ́ sí ti Esperanto.