Ara Daddy Tọ́lá le koko, ṣé dandan ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV báyìí?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ dókítà. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú níbí, l'Abẹ́òkúta. Èmi àti Daddy Tọ́lá ṣe àyẹ̀wò lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì ní Daddy Tọ́lá ní HIV, èmi ò ní. CD4 wọn jẹ́ 540. Wọn ò rù, wọn ò wúkọ́, wọ́n wá ní àwọn ò lè máa gbé oògùn mì nígbà tí nǹkan kan ò ṣe àwọn. Kí ló ń lọ nínú ara wọn gan-an?

Ìdáhùn: Ìyá Tọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ sì ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́jà mọ̀ pé tí èèyàn bá ń jẹ ojú owó, ìsọ̀ á ṣì kún, oníbàárà ò ní fura, àfìgbà tó bá fẹ́ lọ kó ọjà tuntun. CD4 yẹn lojú owó ara. Sójà inú ẹ̀jẹ̀ ni, kì í tiẹ̀ ṣe sójà lásán, balógun ni, òun ló ń pàṣẹ fáwọn sójà tó kù. Inú balógun yìí gan-an ni HIV ń wọ̀, ibẹ̀ ló ti ń bí sí i, á wá pa á.

Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tó bá wọlé, ó lè mú ibà àti ọ̀fun dídùn wá, ẹlòmíì á ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, ara á sì balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn ni CD4 inú ìfun ń kú rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn ẹ̀ CD4 á gòkè díẹ̀, àmọ́ ó ṣòro kó pé bíi tàtẹ̀yìnwá.

Ibi tí Daddy Tọ́lá wà báyìí ló ń tan èèyàn jù. Ó lè tó ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá láìlo oògùn tí ẹni náà á ṣì máa jẹun, á máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò náà ò sùn o, ojoojúmọ́ ló ń pa CD4, ojoojúmọ́ lara ń ṣe òmíì rọ́pò, èyí tó ń kú ló kàn ń ju èyí tó ń wọlé lọ. Ẹni tí ò ní HIV máa ń ní bíi 500 sí 1,500; ọ̀pọ̀ tí ò lo oògùn ń pàdánù nǹkan bí 50 sí 100 lọ́dún. TB ò tiẹ̀ ń dúró dìgbà kankan, kò sígbà tí ò lè mú wọn. Tí CD4 bá ti kéré sí 200, éèdì nìyẹn: nǹkan funfun á bo ọ̀fun, oúnjẹ ò ní ṣeé gbé mì, kòkòrò inú ìgbẹ́ ẹyẹlé tí ò rí èmi àti ẹ̀yin gbé ṣe lè wọ ọpọlọ.

Ó máa ń dùn mí táwọn èèyàn bá ń pè é ní àrùn kògbóògùn. Ó gbóògùn! Èyí tó máa lé e tán pátápátá ni ò tíì sí. Látọdún 2015 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ní kẹ́nikẹ́ni má dúró de CD4 mọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Hóró kan lójúmọ́ ni, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́sibítù ìjọba. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 540, ara ẹ̀ á tètè padà ju ẹni tó dúró di 100 lọ. Tí wọ́n bá ń lò ó déédéé títí àyẹ̀wò ò fi rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, wọn ò ní kó o ràn yín nípa ìbálòpọ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù, ẹ béèrè oògùn PrEP (èyí tí ẹni tí ò ní HIV ń lò kó má bàa kó o) fún ara yín, kẹ́ ẹ sì tún àyẹ̀wò tiyín ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí ó lè má tíì hàn.