Kí ló dé tí krọ́ṣà, ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta, fi máa ń há lásìkò òjò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Kọ́rì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, l'Abẹ́òkúta níbí. Tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀gá wa á ní ká máa fọ́n omi sí òkúta tá a bá ń fọ́ ọ, òjò á wá dé, ọ̀gá yìí kan náà á máa pariwo pé omi ń ba iṣẹ́ òun jẹ́. Èwo gan-an ni ká dì mú?

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá yín ò parọ́ o, méjèèjì ló rí bẹ́ẹ̀. Gíránáìtì tẹ́ ẹ̀ ń fọ́ yẹn, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rì í sómi, èyí tó máa fà mu kì í sábà tó 1% ìwúwo ẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú àti yẹ̀pẹ̀ pupa tó bá òkúta wá láti ibi tí wọ́n ti fi dànámáìtì fọ́ ọ ni ẹjọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bí èlùbọ́ ló ṣe rí: tó bá gbẹ á máa dà wọ̀ọ̀, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i á di kókó, tómi bá wá pọ̀ gan-an á máa ṣàn. Ibi kókó yẹn ni òjò ń bá yín dé. Krọ́ṣà àkọ́kọ́, jaw tí wọ́n ń pè, ṣì lè gbé e mì, àmọ́ cone tó ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, inú ẹ̀ á dì pa, ojú asẹ́ náà á dí, èyí tó yẹ kó jò sísàlẹ̀ á gba orí asẹ́ kọjá, ẹ máa wá rí òkúta hááfù-ínṣì tí ẹrẹ̀ bò lára, sìmẹ́ǹtì ò sì ní dì í mú dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ho yẹ̀pẹ̀ orí ilẹ̀ kúrò kí wọ́n tó fi dànámáìtì fọ́ àpáta, kí wọ́n sì to irin gbọọrọ síwájú jaw kí ìdọ̀tí lè jò dà nù. Tó bá sì há, ẹ paná ẹ̀ pátápátá, ẹni tó máa wọnú ẹ̀ ni kó mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ dání, kí ẹlòmíì má bàa tan án.

Omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn ṣeré rárá! Eruku gíránáìtì ní sílíkà nínú, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn ẹ̀ ò sì ní ìwòsàn. Àmọ́ omi kíún bí ìrì ni o, níbi tí típà ti ń dà á àti níbi tó ti ń já bọ́ látorí bẹ́líìtì tó ń gbé òkúta, kì í ṣe hóòsì tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò. Ẹ ṣì máa lo ìbomú.

ÌBÉÈRÈ: Stone dust, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú òkúta, tí mo rà lásìkò òjò kún típà dáadáa, àmọ́ bọ́lọ́ọ̀kù tó jáde níbẹ̀ ò tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

ÌDÁHÙN: Ó lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan lẹ́búlẹ́bú tó bá tutù díẹ̀ máa ń wú, yanrìn tó ní omi bíi 5% lè fi 20 sí 30% pọ̀ ju bó ṣe máa rí tó bá gbẹ. Tẹ́ ẹ bá ríbi tí wọ́n ti ń tà á ní tọ́ọ̀nù, ẹ rà á níbẹ̀, omi díẹ̀ yẹn nìkan lẹ máa sanwó ẹ̀ lé e, ẹ ò ní sanwó afẹ́fẹ́ àárín ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì dín omi tẹ́ ẹ fi ń pò ó kù.