Ṣé òkúta ọ̀nà ìtọ̀ lè jáde láìla ikùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìrora ńlá mú ọkọ mi ní ìhà òsì. Àwòrán CT fi hàn pé òkúta mìlímítà 9 há sí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín bọ̀ sí àpò ìtọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní la ikùn rẹ̀, ojú ibi tó fi ń tọ̀ ni àwọn yóò gbà yọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó máa mu àgbo kó lè yọ́. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú aájò o. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Òkúta tí kò tó mìlímítà 5 sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò ibi tí ti ọkọ yín há sí kì í sábà ju mìlímítà 3 tàbí 4 lọ. Ẹ fi 9 wé e.

Wọn yóò kùn ún lóorun, kò ní mọ nǹkan kan lára. Irin gígùn kan wà tí kò nípọn tó bírò, tí kámẹ́rà wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú ibi tó fi ń tọ̀ ni wọn yóò tì í gbà dé àpò ìtọ̀, kí wọ́n tó darí rẹ̀ sókè lọ bá òkúta. Iná lésà tó gba inú irin náà kọjá ni yóò fọ́ òkúta di lẹ́búlẹ́bú. Èyí tí kò bá kúnná, agbọ̀n wáyà kékeré ni wọ́n fi ń kó o. Kò sí ojú ọgbẹ́ lára, ọ̀pọ̀ sì ń padà sílé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ká ní inú kíndìnrín ló wà, tó sì ju sẹ̀ntímítà 2 lọ, ẹ̀yìn ni wọn ìbá ti dá ihò bíi sẹ̀ntímítà 1 wọlé.

Lẹ́yìn náà, wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà tín-ín-rín sílẹ̀ láti kíndìnrín dé àpò ìtọ̀, kí ìtọ̀ lè máa ṣàn bí ọ̀nà náà bá wú. Rọ́bà yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Yóò máa ṣe é bíi kó tọ̀ ṣáá, ìtọ̀ lè pọ́n díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sì lè dùn ún bó bá ń tọ̀. Iṣẹ́ kò bàjẹ́ o. Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọn yóò yọ ọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọsibítù. Mo ti rí ẹni tí ara rẹ̀ yá, tó gbàgbé é sínú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òkúta tuntun ti bò ó, iṣẹ́ abẹ tó le ju ti àkọ́kọ́ ló gbà. Ó dùn mí, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yíyọ rẹ̀ ìbá gbà.

Ní ti àgbo: kálíṣíọ́mù ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta yìí, kì í yọ́. Àgbo mìíràn sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n wa. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ọkọ yín máa mu omi títí ìtọ̀ rẹ̀ yóò fi mọ́, kó sì dín iyọ̀ kù, kí òmíràn má bàa dì.

Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tó sì ń gbọ̀n, kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, ẹ má ṣe pè é ní ibà ẹ̀fọn kẹ́ ẹ lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì. Kòkòrò àrùn lè ti wọ inú ìtọ̀ tó sé mọ́ òkè òkúta, ó sì lè pani kíákíá. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lóru náà. Wọn yóò kọ́kọ́ lànà fún ìtọ̀ kó jáde. Òkúta yóò dúró di ọjọ́ mìíràn.