Ṣúgà ò kúrò lójú kan lórí láptọ́ọ̀pù mi, kí ni mo ṣì ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ bayokẹ́místìrì ni mí l'Àkúrẹ́ níbí. Súpáfáísọ̀ mi ní kí n fi kọ̀ǹpútà wo bí lactose, ṣúgà inú wàrà, ṣe ń gba inú LacY, purotéènì tó ń gbé e kọjá awọ ara bakitéríà, wọ bakitéríà E. coli. Mo mú fáìlì 1PV7, àwòrán átọ́ọ̀mù LacY, mo fi GROMACS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àfarawé bí átọ́ọ̀mù ṣe ń rìn, rán an fún ọjọ́ 3, ó di 100 nanosẹ́kọ́ǹdù (ìdá bílíọ̀nù kan sẹ́kọ́ǹdù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan) nínú ayé ṣúgà yẹn, iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, ṣúgà yẹn ò tiẹ̀ mira. Kí ló bàjẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀, ti pé kò kọjá yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Femtosẹ́kọ́ǹdù 2 ni ìṣísẹ̀ kan nínú irú iṣẹ́ yìí (femtosẹ́kọ́ǹdù mílíọ̀nù kan ló wà nínú nanosẹ́kọ́ǹdù 1), torí náà 100 nanosẹ́kọ́ǹdù tó o ṣe yẹn, ìṣísẹ̀ mílíọ̀nù 50 ni, o gbìyànjú gan-an. Ṣùgbọ́n LacY gangan máa ń lo ọ̀pọ̀ mílísẹ́kọ́ǹdù kó tó gbé ṣúgà ẹyọ kan wọlé, mílísẹ́kọ́ǹdù 1 péré sì rèé, ìlọ́po 10,000 ohun tó o ṣe ni, tó o bá wá fi ọjọ́ 3 ẹ ṣe ìlọ́po 10,000, ọdún 82 nìyẹn.

Ìdí tó fi ń pẹ́ ni pé LacY kì í ṣe ihò lásán. Ṣó o mọ ilẹ̀kùn àwọn báńkì ojú ọ̀nà Ọba Adésídà, èyí tó jẹ́ pé tó o bá wọ inú ẹ̀, ti ẹ̀yìn ẹ gbọ́dọ̀ pa dé kí ti iwájú tó ṣí? Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ṣúgà nìkan ò sì lè dá wọlé, proton kan, ìyẹn háídrójìn tí kò ní elẹ́kítírọ́ọ̀nù, gbọ́dọ̀ bá a lọ.

Ibi proton yìí ni mo fẹ́ kó o padà wò dáadáa o. Tó o bá kàn rán pdb2gmx, àṣẹ GROMACS tó ń pèsè purotéènì sílẹ̀, láìsọ nǹkan kan fún un, gbogbo Glu (glutamate, ọ̀kan lára amino acid tó para pọ̀ di purotéènì) ló máa bọ́ proton lára wọn, Glu325, èyí tó wà ní ipò 325, náà á sì bá wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ní ti LacY gangan, proton máa ń wà lára Glu325, pKa ẹ̀, ìwọ̀n bó ṣe ń di proton mú tó, tó bíi 10.5. Fi -glu sí i, á máa bi ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá kan 325 kó o yan èyí tó ní proton. Àti pé ṣúgà inú 1PV7 kì í ṣe lactose, TDG, ṣúgà míì tó jọ ọ́, ni, ẹnu tó sì ṣí níbẹ̀ ni ti inú bakitéríà, torí náà má retí pé wàá rí i kó máa ti ìta wọlé.

Tó bá jẹ́ èmi, ìbéèrè yẹn ni màá yí padà: báwo ló ṣe le tó fún ṣúgà láti ti àárín bọ́ sínú bakitéríà? Fi pull code, apá GROMACS tó ń fa nǹkan, fà á díẹ̀díẹ̀, mú ibi bíi 30 lójú ọ̀nà ẹ̀, rán ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, umbrella sampling nìyẹn, gmx wham ló máa kó wọn pọ̀ fún ẹ. Ó bá wa lára mu níbí torí o lè ṣe díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, tí iná bá sì lọ, ẹyọ kan ṣoṣo ló dúró. Ìyẹn gan-an ò ní ṣòfò, GROMACS ń kọ fáìlì .cpt sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15-15, fi -cpi bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí.

Kó o tó tún un ṣe, ṣí èyí tó o ti rán yẹn nínú VMD, ètò tó ń fi àwòrán átọ́ọ̀mù hàn, ná. Wá Trp151, amino acid míì nínú LacY, òrùka galactose tó wà lára ṣúgà yẹn máa ń tẹ́ lé e pẹrẹsẹ bí ọmọrí ìkòkò, Arg144 àti Glu269, tí wọ́n jẹ́ amino acid bákan náà, á sì dì í mú. Tí wọ́n bá ti jù ú sílẹ̀ nínú tìẹ, ya àwòrán ẹ̀ fún mi, mo fẹ́ rí i.