Mo dálémoṣú fún oṣù 14 kí n tó padà sílé ọkọ

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ọdún kan àbọ̀ rèé tí ẹ ṣègbéyàwó ní rẹ́jísírì, ọkọ rẹ ò nà ọ́ rí, àmọ́ ó di oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yín ò ti kọjá ìkíni àárọ̀. Màmá rẹ ní kó o ṣe sùúrù, pé láyé tiwọn obìnrin kì í kúrò nílé ọkọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní ká wà lọ́dọ̀ ọkọ kan títí dọjọ́ alẹ́ ò bóde mu mọ́, kó o kó ẹrù rẹ.

Iléṣà ni mo wà. Ó di ọdún 31 tí mo ti fẹ́ ọkọ mi, mo sì ti dálémoṣú rí.

Ọdún 2003 ni. Mo kó owó àjọ mi fún ọkọ mi pé kó bá mi fi ra ọjà bọ̀ láti Ìbàdàn, ó gbé e yá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìsọ fún mi. Látọjọ́ yẹn ni mo ti pa ẹnu mọ́. Inú yàrá méjì tá a háyà ní Ìsọ̀kun la wà. Mo máa gbé oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì, mo máa fi abọ́ bò ó. Ó máa jẹ ẹ́ tán, ó máa fọ àwo, ó máa dojú rẹ̀ délẹ̀ síbi tí mo gbé e sí. Àwo tó mọ́ tónítóní yẹn máa ń dùn mí ju ìjà lọ. Nígbà tó yá, mo mú ọmọ méjèèjì, mo gba ilé bàbá mi lọ ní Òkèsà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan níbẹ̀, mo sọ fún màmá mi pé ìgbéyàwó tiwọn ló dáa, tí kì í tú. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ṣé mo mọ̀ pé ọkọ kejì ni bàbá àgbà wa jẹ́ fún màmá àwọn? Pé kóòtù ìbílẹ̀ nígbà òyìnbó ni ìyá àgbà ti kọ ọkọ àkọ́kọ́, tí bàbá àgbà sì san owó ìdáná padà fún ọkùnrin náà? Ìyá àgbà tí gbogbo agbo ilé fi ń ṣàpẹẹrẹ fún wa! Nítorí náà, màmá rẹ ò purọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sọ fún àwọn náà.

Nípa tiwọn, òṣómàáló ni bàbá mi. Wọ́n máa ń gbé aṣọ àwìn lọ sápá Èkìtì àti Àkókó, wọ́n á sì wà lóde lóṣù lóṣù títí owó á fi wọlé. Màmá mi ní tí kì í bá ṣe obì táwọn ń tà fúnra àwọn, ebi ì bá pa wá. Tí bàbá bá sì dé, tí ìjà bá ṣẹlẹ̀, àbúrò bàbá mi obìnrin ló máa ń tẹ́ ẹní, tó máa pe àwọn méjèèjì jókòó, kò sì sẹ́ni tó máa dìde títí ọ̀rọ̀ á fi tán nínú wọn. Ta ló ń tẹ́ ẹní fún ìwọ àti ọkọ rẹ báyìí? Ẹ̀yin méjì pẹ̀lú fóònù yín lẹ wà nínú ilé.

Ìyá kan láti ìdílé ọkọ mi ló gba tèmi là. Wọn ò bẹ̀ mí rárá. Èló lowó náà, ni wọ́n bi mí. Wọ́n pe ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí owó pé ni mo padà. Títí dòní, Sunday tó bá gbẹ̀yìn oṣù, a máa ń ṣí ìwé ìnáwó sílẹ̀, a máa jọ kà á. Kò fẹnu sọ fún mi rí pé òun jẹ̀bi, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lílù yàtọ̀ o. Àbúrò mi kan sá wá bá mi lálẹ́, ọkọ rẹ̀ ti lù ú. Mo ní kó padà, kó ṣe sùúrù. Etí rẹ̀ òsì ò gbọ́ràn mọ́ títí dòní. Mi ò tún ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láyé mi.

Tó bá jẹ́ pé o máa lọ lóòótọ́, kóòtù kọ́sítọ́márì àdúgbò ò lè tú ìgbéyàwó rẹ́jísírì, ilé ẹjọ́ gíga ni. Òfin ọdún 1970 tó wà fún un sì ní ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ ò tíì pé ọdún méjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ kó tó pẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, àfi lórí ẹ̀sùn díẹ̀ bí àgbèrè. Òfin yẹn kan náà ní kí adájọ́ máa wò ó bóyá ìlàjà ṣì ṣeé ṣe.

Àmọ́ ohun kan wà tí o ò kọ. O ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Wá ẹnì kan nílé wọn tí ọkọ rẹ ń bẹ̀rù ojú rẹ̀, kó o sọ ọ́ fún un lọ́sẹ̀ yìí, kí ọkọ rẹ wà níbẹ̀.