Èsì: Táyà àti rímù olówó pọ́ọ́kú fún MX-5 ọdún 1994
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má ra rímù ínǹṣì 17 tí ẹ béèrè nípa rẹ̀ fún ọkọ̀ Mazda MX-5 yín. Rímù ínǹṣì 15 àlòkù tí kò sán, tí kò sì tẹ̀, ni kí ẹ rà, kí ẹ fi owó tó kù ra táyà tuntun tí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jẹ́ 195/50R15, nítorí gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 185/60R14 tó bá ọkọ̀ yín wá dọ́gba, aago ìwọ̀n eré kò sì ní parọ́.

Àfi kí ihò nọ́ọ̀tì rímù náà jẹ́ 4, kí fífẹ̀ òbìrí tí àwọn ihò náà tò yí ká sì jẹ́ mìlímítà 100. Ti MX-5 ọdún 2006 ní ihò 5. Kò lè wọ tiyín.

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà, kí ẹ lè mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti sán wẹ́wẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.